Ọpọlọ Tí Rodel Tà

Fáànù ń yí, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò. Rodel tún tẹ bọ́tìnnì. Fáànù dákẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fáànù tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ojú kọ̀ǹpútà ò sì yí ìwà padà.

"Ó ń bọ̀," Rodel wí.

Norilyn ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè wo aago ara ògiri. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù, láti aago kan sì ni ohun tó ń bọ̀ yìí ti ń bọ̀. Etí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí. Ó ti wọ búláòsì funfun tó fi ń kọ́ni, ó ti kun ètè, ó ti di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Láti ìbàdí lọ sókè, tíṣà ni. Láti ìbàdí wá sílẹ̀, ṣòkòtò péńpé tó fi fọ abọ́ láàárọ̀ ló ṣì wà nídìí rẹ̀, torí pé kámẹ́rà kì í wo ibẹ̀.

"Kí ló ń bọ̀?"

"Àwòrán."

"Láti ibo? Ṣé ọjà kọ̀ǹpútà ní Gilmore ló ti wọ mọ́tò ni?"

Rodel tẹ orí bọ inú àpótí kọ̀ǹpútà tuntun tó nà gbalaja lórí tábìlì ìjẹun, ó ń fi iná fóònù wo inú rẹ̀. Ọkùnrin tó ti sọ fún gbogbo ayé pé bí wọ́n bá di òun lójú, òun á to kọ̀ǹpútà. Norilyn wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó ń làágùn, ó sì rí i pé inú ò bí òun mọ́. Ohun tó kù nínú rẹ̀ fún ọkùnrin yìí lọ́sàn-án Sátidé náà ò ju ẹ̀gàn lọ.

Àwọn ará Japan ni Norilyn ń kọ́ ní èdè òyìnbó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti aago mẹ́rin títí di mẹ́jọ. Iṣẹ́ yẹn ló ń san owó ilé, òun ló ń ra ìrẹsì. Owó oṣù Rodel, níbi tó ti ń ka páálí ní ilé ìkẹ́rùsí, kì í kọjá owó ọkọ̀ àti owó iná. Òfin iléeṣẹ́ Norilyn ò sì le láti mọ̀: ẹni tó bá pa ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta jẹ láàárín oṣù kan, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Norilyn ti pa méjì jẹ, ọ̀kan ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan lánàá. Bí aago mẹ́rin bá lù tí ojú rẹ̀ ò hàn lónìí, iṣẹ́ ọdún márùn-ún ti lọ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ló ti sọ fún Rodel pé kọ̀ǹpútà òun ti ń ṣàárẹ̀, pé ó máa ń gbóná, á sì dì gbagidi nígbà tí òun bá ń kọ́ni lọ́wọ́. Ọkọ ẹlòmíì ì bá ti ra òmíì láàárín ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n Rodel ni Norilyn fẹ́, Rodel kì í sì í ra nǹkan. Àfiwé ló máa ń ṣe.

Iléeṣẹ́ méjì ló ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí kò ju bísíkíìtì kan lọ tó ń bá ẹ̀rọ náà ronú. Pupa àti Búlúù làwọn tó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀sìn ń pè wọ́n. Ọpọlọ Pupa kì í jókòó sórí bọ́ọ̀dù Búlúù, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ náà so mọ́, ti Búlúù kì í sì í jókòó sórí ti Pupa, nítorí náà ẹni tó bá mú ọ̀kan ti fẹ́ gbogbo ìdílé rẹ̀. Rodel wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí ọ̀kẹ́ méjì ọkùnrin ti ń bú ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí ọpọlọ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní owó rẹ̀. Òun tiẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó márùn-ún. Wọn kì í san kọ́bọ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí àjèjì kan bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Búlúù dára, Rodel á ju síbí sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, á lọ kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

"Wò ó, Nori," ló máa ń wí, ìrẹsì lẹ́nu. "Ọpọlọ Búlúù fi ẹgbẹ̀rún kan pésò dín sí ti Pupa. Òpè á rò pé òun jèrè. Lẹ́yìn ọdún méjì, bọ́ọ̀dù ẹ̀ ò ní gba ọpọlọ tuntun mọ́, á kó méjèèjì dà nù. Ti Pupa ńkọ́? Wàá kàn yọ ọpọlọ, wàá fi òmíì síbẹ̀. Tá a bá wá pín owó yẹn sí ọdún mẹ́fà..."

"Mo fẹ́ kí ojú mi hàn, kí ohùn mi jáde. Èwo nínú wọn ló lè ṣe ìyẹn?"

"Méjèèjì."

"Lọ ra èyí tó bá wà nítòsí."

Á wá rẹ́rìn-ín sí i bí ìgbà tí èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "A kì í ra kọ̀ǹpútà bí ẹní ra ẹja."

Ó ya àtẹ kan tó gùn ju ìbòrí bẹ́ẹ̀dì lọ. Iye àwòrán tí ọpọlọ kọ̀ọ̀kan lè gbé jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú eré ìbọn yíyìn, ó fi pín iye owó rẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù fún àwòrán kan ló borí. Norilyn ò yin ìbọn rí láyé rẹ̀. Kò sí ará Japan kankan tó tíì ní kó wá yin ìbọn fún òun. Ṣùgbọ́n ìbọn ni Rodel fi wọn kọ̀ǹpútà tíṣà, àwọn ọ̀kẹ́ méjì ọkùnrin yẹn sì kí i kú iṣẹ́.

Gbogbo Sátidé ló ń lọ sí Gilmore, òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kún ọ̀tún kún òsì rẹ̀. Á wọ ibí, á bi wọ́n ní iye, wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan fún un. Á kọjá sí ìkejì, wọ́n á tún kọ ti wọn. Bó bá fi máa délé, àpò ṣòkòtò rẹ̀ ti wú. Norilyn ti bá ìwé ìdíyelé nínú omi ìfọṣọ títí ó sú u. Kò bá ọpọlọ kankan níbẹ̀.

Ohun tó wá ṣe gbẹ̀yìn ni pé ó ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà kí tuntun tó dé. Ó ní owó rẹ̀ ń já lójoojúmọ́, òun ti rí ẹni tó máa rà á. Aling Pacing ló rà á, ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó wà ní ilé kẹta sí tiwọn. Rodel gbé e lọ bá a pẹ̀lú ẹ̀rín. "Àkísà ni o, Aling Pacing," ló wí. "Ó yẹ kẹ́ ẹ máa dúpẹ́ pé mi ò dà á sí ààtàn." Norilyn yá kọ̀ǹpútà alágbèéká àbúrò rẹ̀ lò fún ọjọ́ mélòó kan, àbúrò wá gba ohun ìní rẹ̀ ní Ọjọ́rú, ibẹ̀ ni ìpajẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Báyìí, ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Rodel gbé fóònù sétí, ó ń bá ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni... Rárá, kò ní bọ́tìnnì yẹn... Ah. Mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Sọ ọ́," Norilyn wí.

"Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Wọ́n ti ṣe bọ́ọ̀dù yìí kí wọ́n tó ṣe ọpọlọ yìí. Kò mọ̀ ọ́n."

"Kò mọ̀ ọ́n báwo? Ṣebí o ní ìdílé kan náà ni wọ́n."

"Ìdílé kan náà ni. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ nílẹ̀. A máa kọ́kọ́ fi ọpọlọ àtijọ́ sí i kó lè jí, ká wá kó ìmọ̀ tuntun sí i nínú, lẹ́yìn náà á mọ èyí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Àwọn ará Gilmore ò lè ṣe é?"

"Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é fún ẹni tó bá ra bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ wọn."

"Ìwọ ò rà á lọ́wọ́ wọn."

Rodel ò rà á lọ́wọ́ wọn. Ó rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó pàdé lábẹ́ àtẹ̀gùn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Cubao, torí pé ó fi ẹgbẹ̀rin pésò dín sí ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ti kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú àwòrán, pé àwọn tó ń ra bọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀bù, owó wọn ń wọgbó. Ẹgbẹ̀ta èèyàn ló gbóṣùbà fún un.

"Irú ọpọlọ àtijọ́ wo lo nílò?" Norilyn bi í. Ó ti mọ ìdáhùn. Ó kàn fẹ́ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni.

Rodel wo ilẹ̀. "Irú èyí tó wà nínú tìẹ."

"Èyí tó wà nínú àkísà."

"Nori..."

"Dìde. Jẹ́ ká lọ bẹ Aling Pacing."

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni Aling Pacing tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n há wọn mọ́ inú àpótí pákó, wọ́n dá ihò owó sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pisonet ni wọ́n ń pè é: ju pésò kan sínú ihò, wàá lo ìṣẹ́jú márùn-ún, bí àkókò bá pé, ojú rẹ̀ á kú. Ìyá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bu fínígà sínú ọ̀rá wẹ́wẹ́, ó ń so wọ́n lẹ́nu. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí àdúgbò náà sọ láti ogójì ọdún tó gbàgbé.

"Ẹ káàsán, Aling Pacing," Rodel wí.

"Rodel ọmọ mi. Pupa ni wá lónìí àbí Búlúù?"

"Ẹ dákun, mo fẹ́ tọrọ nǹkan ni. Kọ̀ǹpútà tí mo tà fún yín níjelòó, mo fẹ́ yọ ọpọlọ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màá dá a padà."

Aling Pacing so ọ̀rá kan lẹ́nu, ó gbé e sórí ìyókù. "Àkísà yẹn?"

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé eré ni mo ń ṣe."

"Mi ò mọ̀ o. Nígbà tí mo bi ẹ́ lọ́jọ́ yẹn pé èwo ló dáa nínú Pupa àti Búlúù, ṣebí o rẹ́rìn-ín títí o fi dì mọ́ ìlẹ̀kùn. O ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé ẹni tó ń ta fínígà ò nílò irú ìmọ̀ yẹn. Mo ní bóyá lóòótọ́ ni." Ó yíjú sí Norilyn. "Ìwọ ńkọ́, ìyáàfin tíṣà? Kí ló dé tí ètè ẹ pọ́n báyìí, tí ìsàlẹ̀ ò bá a mu?"

"Mo ní kíláàsì ní aago mẹ́rin, mà. Bí mi ò bá ṣe é, iṣẹ́ ti bọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá náà. Ó nu ọwọ́ sára épírọ́ọ̀nù, ó fi orí tọ́ka. "Nọ́ńbà kẹta ni. Òun ló ń mówó wọlé jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Boyet ló wà lórí ẹ̀, ó kù fún un bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Boyet, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń darí bọ́ọ̀lù kiri lójú kọ̀ǹpútà. Norilyn wò ó. Kò dì. Kò fà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Aling Pacing, kì í dì mọ́?"

"Kó dì kẹ̀? Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló gbóná bí ẹní ń dín ẹyin. Mo ṣí i wò. Eruku ló kún ibi fáànù, aáyán méjì ló kú síbẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọ̀n ọ́n. Àtìgbà yẹn, a ò rí ìjà ara wa."

Norilyn yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àtẹ tó gùn ju ìbòrí bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún pésò tí wọ́n fi ọdún kan kó jọ sínú agolo mílíìkì. Ọ̀kẹ́ méjì ọkùnrin. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ fún un pé kó gbọn eruku.

"Ọ̀rọ̀ eruku yẹn," Rodel bẹ̀rẹ̀, "kì í ṣe òun nìkan ló..."

"Dákẹ́."

Kò pẹ́ tí Rodel tún rántí nǹkan míì. Bí wọ́n bá yọ ọpọlọ, ìpara funfun kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi pa á lórí kí wọ́n tó dá fáànù padà, kó má baà gbóná. Tòun ti tán. Òun máa ní láti lọ rà á ní ilé ìtajà ńlá tó wà ní òkè odò.

"Mo ní ọṣẹ ìfọyín," Aling Pacing wí. Boyet fọ́n ẹ̀rín jáde láìgbójú kúrò lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀.

"Ká sọ pé o lọ, o bọ̀," Norilyn wí. "Aago mélòó?"

"Mẹ́ta kọjá ogójì. Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti jí i. Tí ohun gbogbo bá lọ dáadáa."

"Tí ohun gbogbo bá lọ dáadáa. Tí iná ò bá lọ láàárín. Tí iná bá lọ, bọ́ọ̀dù ti kú nìyẹn."

Lọ́sẹ̀ yẹn nìkan, iná ti lọ lẹ́ẹ̀mẹrin ní àdúgbò náà.

"Aling Pacing," Norilyn wí, "ẹ jọ̀ọ́, tí Boyet bá dìde, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì jókòó."

Ó sáré lọ sílé, ó kó kámẹ́rà rẹ̀, ó kó ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tó ń fi sétí, ó ká ìbòrí bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ ewé láti fi bo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó sì tú owó ẹyọ inú agolo mílíìkì sínú abọ́ kan. Kò ju mẹ́sàn-án lọ. Nígbà tó padà dé, Rodel ṣì wà níbi tó fi í sí.

"O fẹ́ kọ́ àwọn èèyàn nínú pisonet? Níta gbangba? Nori, jọ̀ọ́, gbogbo àdúgbò ló ń wò."

"Wọ́n ti ń wò láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ."

"Ọpọlọ tó wà nínú nǹkan yẹn ò lágbára. Kó tó ṣí ojú ìwé kan..."

"Ó ti kọ́ni fún ọdún márùn-ún. Ìwọ ńkọ́?"

Aling Pacing ló bá a so ìbòrí bẹ́ẹ̀dì mọ́ òpó méjì tó wà lẹ́yìn àga. Ó sì kéde fún Boyet àti àwọn méjì tó kù lórí pisonet pé ẹni tó bá pariwo láàárín wákàtí tó ń bọ̀, òun á yọ okùn iná rẹ̀, òun ò sì ní dá owó padà. Norilyn ki kámẹ́rà bọ ihò rẹ̀. Tábìlì pákó náà ń mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ. Ó ju pésò márùn-ún sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú kọ̀ǹpútà tàn yàà, àwòrán ojú Norilyn fúnra rẹ̀ sì ń wò ó láti ibẹ̀. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ni bàbá kan tó ń jẹ́ Kurokawa, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ní Kobe, tó fi ogójì ọdún kun ọkọ̀ ojú omi. Ó ń kọ́ èdè òyìnbó kó lè bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ hàn, ó tẹríba. Norilyn náà tẹríba, tábìlì mì, kámẹ́rà mì.

"Tíṣà, ṣé ilẹ̀ ń mì lọ́dọ̀ yín?" bàbá náà bi í, ẹ̀rù sì bà á nítòótọ́.

"Rárá, sà. Tábìlì ni."

"Ah. Tábìlì." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ka ìtàn kan nípa ọjà ẹja. Àwòrán ò dúró, ohùn ò já. Ní àárín kíláàsì, Norilyn wo igun ojú kọ̀ǹpútà níbi tí àkókò ti ń wá sílẹ̀. Ó rò ó pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ti fi ṣètò ti jẹ nínú owó náà. Ó rọra ju pésò kan sí i nígbà tí bàbá ń kàwé lọ. Ó dún kanrin.

Bàbá náà gbójú sókè. "Kí nìyẹn?"

Norilyn lè pa irọ́. Ìtìjú ti fẹ́ mú un díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ojú Rodel lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé kó má sọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kó sọ ọ́. "Owó ni, sà. Lónìí, mo ń ra àkókò kí n lè kọ́ yín."

Kurokawa kọ ìyẹn náà sílẹ̀. "Èmi náà," ló wí, ó ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ díẹ̀díẹ̀, "mò ń ra àkókò lọ́wọ́ yín. Tiyín pọ̀ lówó?"

"Pésò kan, ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ó pọ́ọ́kú," bàbá náà wí, inú rẹ̀ sì dùn pé òun rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó padà sínú ọjà ẹja.

Nígbà tí kíláàsì parí, àmì aláwọ̀ ewé kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Norilyn nínú ìwé iléeṣẹ́ náà: ó wá síṣẹ́. Ó bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò létí, ó sì fi ẹ̀yìn ti àga. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì ń bọ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀.

Rodel ti sún mọ́ ọn, sukudíráfà lọ́wọ́. Ó ti rí ìpara funfun yẹn níbì kan, bóyá lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbé lójúlé kejì. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ẹni tí ìṣòro ti tán lọ́rùn rẹ̀. "O ṣe gudugudu méje. Ó yá, sún sẹ́yìn, jẹ́ kí n yọ ọ́ kíákíá. Lálẹ́ òní, wàá máa fi tuntun kọ́ni. O máa rí ìyàtọ̀."

"Ìyàtọ̀ wo?"

"Ó fi ìlọ́po mẹ́ta yá ju èyí lọ."

"Bàbá yẹn ń ka ìwé fún mi, Rodel. Kò sáré."

"Torí ẹ ni mo ṣe ń ṣe gbogbo ẹ̀."

Rodel gbà á gbọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn, ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, àánú rẹ̀ sì ṣe Norilyn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti mú un dìde lórí àga. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Aling Pacing, èló lẹ máa gbà tí mo bá ní kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà kẹta sílẹ̀ fún mi, láti mẹ́rin di mẹ́jọ, lójoojúmọ́?"

Ìyá náà fi ọ̀rá fínígà wọn ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. "Tí Boyet bá ń lò ó, pésò méjìdínláàádọ́ta ni. Mú ogójì wá. Ìbòrí bẹ́ẹ̀dì yẹn kó dúró síbẹ̀, ó bá ṣọ́ọ̀bù mi mu."

"Mo ti gbà á. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ṣí i, ẹ jọ̀ọ́. Kódà ọkọ mi."

"Ọkọ rẹ ló máa kọ́kọ́ rí ìjà mi."

"Nori," Rodel wí, "tuntun ńkọ́? Bọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Gbé e lọ sí Gilmore lọ́la. San owó fún wọn kí wọ́n bá ẹ jí i, kí o sì tà á. Pupa ni o, Búlúù ni o, ẹni tó bá fẹ́ ni kí o tà á fún. Kí owó náà padà sínú agolo."

"Tí mo bá tà á báyìí, màá pàdánù. Owó ẹ̀ ti já láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tá a bá dúró títí di oṣù kọkànlá..."

Norilyn ti kẹ̀yìn sí i. Àkókò tó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n: ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ló kù, Boyet ti wá yá mẹ́ta nínú owó ẹyọ Norilyn láti fi parí bọ́ọ̀lù lórí nọ́ńbà kejì, abọ́ ti gbẹ. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn.

"Fún mi ní pésò kan."

Rodel ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún. Ìwé ìdíyelé ló fà jáde, ó kó wọn sí ọwọ́ òsì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kejì. Ìwé ìdíyelé ni. Ó wo àpò ẹ̀yìn. Pupa mẹ́rin, Búlúù mẹ́ta, bọ́ọ̀dù, mẹ́mọ́rì, orúkọ ṣọ́ọ̀bù, òǹtẹ̀, ọjọ́, oṣù. Kò sí pésò kankan. Ogún ìṣẹ́jú-àáyá.

Aling Pacing ló ju ọ̀kan sí i látẹnu ọ̀nà. Norilyn hán an, ó jù ú sínú ihò, pupa náà parẹ́ lójú kọ̀ǹpútà.

"Kó ìyẹn wá," ló wí fún Rodel.

"Kí ni?"

Ó gba ìwé ìdíyelé náà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn. Ó ká wọn sí méjì, ó ká wọn sí mẹ́rin, ó tún ká wọn títí wọ́n fi nípọn bí ọṣẹ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé tábìlì sókè díẹ̀, ó ki wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú.

Rodel dúró díẹ̀ sí i, sukudíráfà lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ó rìn lọ sílé. Norilyn mi tábìlì wò. Kò mì mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, ó tún kọ́là búláòsì rẹ̀ ṣe, ó sì kí akẹ́kọ̀ọ́ kejì káàsán.